Wúwo

Ní Tacuarembó, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju ènìyàn lọ,
tí afẹ́fẹ́ gúúsù ń fi èékánná ha òrùlé páànù,
mo ní ọmọ-ọmọ kan, Ciro,
tí kì í kọjá lára ògiri láìfi èjìká gbá a.
Gbàà! Ó tún padà. Gbàà!
Mo ní, "Ṣé ògiri jẹ ọ́ ní gbèsè ni?"
Kò dáhùn. Ó lọ gbé etí lé fíríìjì,
ó ń bá a kùn, ohùn kan náà,
títí Nélida ìyàwó mi fi yọ wáyà rẹ̀,
tí ẹran ọjọ́ Àìkú sì bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ó ń lá irin géètì.
Ó ń yí bí òkòtó láàárín àgbàlá,
òòyì kì í kọ́ ọ; àwa tí à ń wò ó ni òòyì ń kọ́.
Olùkọ́ kọ̀wé: ọmọ yín kò lè jókòó.
Mo di apá rẹ̀ mú. "Jókòó jẹ́ẹ́!"
Ó jókòó. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà lábẹ́ tábìlì bí ẹja tí wọ́n fà sórí ilẹ̀.
Mo pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́ ilé.
Ọlọ́run dárí jì mí.

Dókítà ní Montevideo ti sọ fún ìyá rẹ̀: ọ́tísíìmù.
Ọ̀rọ̀ náà wọlé bí àlejò tí a kò fún ní àga.

Ó di oṣù kọkànlá, ìgbà tí à ń rẹ́ irun àgùntàn.
Irinwó àgùntàn, ọkùnrin mẹ́fà, ẹ̀rọ ń ké,
a wá Ciro, a kò rí i.
Ẹ má bi mí bí ọkàn mi ti rí nígbà tí mo yọjú wo kànga.

Inú abà ni Nélida ti pè mí, ohùn rẹ̀ rọ̀.
Láàárín ìdì irun méjì, níbi tí kò gba ológbò,
ọmọ náà há ara rẹ̀ mọ́, irun bò ó dé àgbọ̀n.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ dákẹ́.
Ọdún mẹ́jọ, n kò rí i kí ẹsẹ̀ yẹn dákẹ́ rí.
Mo nawọ́ láti fà á jáde. Ó gba ọwọ́ náà,
ó gbé e lé àyà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
"Wúwo," ni ó wí. "Bàbá àgbà, wúwo."
Kì í ṣe pé kí n gbé e kúrò. Ó ní kí n fi kún un.

Mo fi kún un. Àgùntàn ń dúró dè mí,
mo fi ọwọ́ tó ń rùn fún ọ̀rá irun
tẹ àyà ọmọ mi bí ẹni tẹ èdìdì mọ́ lẹ́tà.

Ó pẹ́ kó tó yé mi:
ara tèmi ń sọ ibi tí mo parí sí fún mi.
Tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí rédíò tó jìnnà sí ìlú;
ògiri ló fi ń yí i sókè, kó lè gbọ́.
Ta ni yóò na ẹni tó ń wá ohùn ara rẹ̀?

Nélida rán ẹ̀wù aláìlápá, ó fi àgbàdo gbígbẹ kún àpò rẹ̀.
Mo so táyà katakata mọ́ igi.
Nítorí ọ̀dà géètì, mo gé awọ ìjánu tuntun fún un kó máa jẹ;
wáyà iná nìkan ni mo fi pákó dí,
wáyà kò mọ ẹni tó ń wá nǹkan.
Mo gbé ẹ̀wù náà dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ Etchegaray.
Ó gbé e wò. "Ó mà wúwo o."
Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tí ìjì bá ń bọ̀, kò fẹ́ ẹ̀wù, kò fẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni,
ògiri náà ló ń fẹ́. A gbé mátírẹ́ẹ̀sì tì í,
a sún sẹ́yìn.

Lálẹ́ àná mo jókòó lórí àga tí ń mì,
mo ń fi àtàǹpàkò pa akèrègbè tí mo fi ń mu mátè,
ojú kan náà, ogójì ọdún, ibẹ̀ ti jọ̀lọ̀ bí eyín.
Kò sí ẹni tó kọ lẹ́tà nípa tèmi.
Ciro wo àtàǹpàkò náà, ó wò ó pẹ́.
Ó ní, "Ṣé ó dùn?"